Aṣọ Tó Ń Yọ́ Ọ̀rá

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní Igbotako, iná ti ń jó nínú ààrò Mildred. Bó ṣe ń ro pupuru, òkèlè ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀, ló ń yẹ ọbẹ̀ wò, ó sì ń pe àwọn ọmọ rẹ̀, Jùwọ́nlọ́lá àti Prosper, pé kí wọ́n tètè wẹ̀, ilé-ìwé kò ní dúró dè wọ́n.

Kò sí àyè láti já ẹ̀fọ́ láàárọ̀. Bí ọbẹ̀ bá fẹ́ tẹ́, Mildred á bu iyọ̀ sí i, á tú amọ́bẹ̀dùn bíi mélòó kan lé e, á sì fi epo kún un. Ó ń dùn lẹ́nu, gbogbo ilé sì ń yìn ín. Òun fúnra rẹ̀ kì í jókòó jẹun. Èyí tí àwọn ọmọ bá jẹ kù ló máa ń jẹ lórí ìdúró, kó tó sáré lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń dirun. Alẹ́ ló máa ń jẹun gidi, lẹ́yìn náà oorun á gbé e lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí ìdílé rẹ̀ ń lọ, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún ìjọ. Nọ́ọ̀sì Judith, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìlú náà, ló wọn ti Mildred. Ó ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń gòkè díẹ̀, kò tíì burú. Ó ní kó dín iyọ̀ kù, kó máa ṣe eré ìmárale, kó sì yà sí ilé ìwòsàn kí àwọn tún un wọ̀n.

Mildred dá a lóhùn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ já. Rọpárọsẹ̀ ló pa ìyá rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló kọ́kọ́ kọ̀ fún ìyá náà, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn. Mildred ló ń fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré ìmárale lóòótọ́, àmọ́ aṣọ kò jẹ́. Síkẹ́ẹ̀tì tó fi ń ṣiṣẹ́ kò gba ẹsẹ̀ láyè. Ó yá ṣòkòtò kan tó lẹ̀ mọ́ra lọ́wọ́ àbúrò ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe wo dígí báyìí, kíá ló bọ́ ọ. Báwo ni òun ìyá ọlọ́mọ, tó ń wọ aṣọ funfun kọrin níwájú ìjọ, yóò ṣe wọ irú èyí kọjá lójú àwọn àgbà ìlú?

Aníwúrà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní Okitipupa, gbọ́ ẹjọ́ yìí nígbà tó wá dirun. Ó bá a mú aṣọ kan wá. Aṣọ náà dúdú, ó ń dán, ó bo ara láti ọrùn dé kókósẹ̀, inú rẹ̀ sì dà bíi rọ́bà. Aníwúrà ní ooru aṣọ náà máa ń yọ́ ọ̀rá ikùn bí iná ṣe ń yọ́ òrí. Ó tún ní kí Mildred má mu omi tó bá ti wọ̀ ọ́, kí ìsanra má baà padà. Kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Bí ẹni tó tà á fún òun náà ṣe wí ló wí.

Inú Mildred dùn. Aṣọ tó bo gbogbo ara, tó tún ń yára ṣiṣẹ́, kí ni èèyàn tún ń wá?

Nígbà tó di Sátidé, ó se oúnjẹ fún gbogbo ilé, òun kò fi nǹkan kan ẹnu. Kó tó fọ aṣọ àwọn ọmọ tán, oòrùn ti mú. Ó kó sínú aṣọ dídán náà, ó forí lé ọ̀nà Okitipupa, ó ń sáré díẹ̀, ó ń rìn díẹ̀. Òógùn ń dà lára rẹ̀, ó rò pé ọ̀rá ló ń yọ́. Ibi tí oko ọ̀pẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni orí ti ń fọ́ ọ, ojú rẹ̀ ń ṣú, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì. Ó fẹ́ di igi kan mú, ọwọ́ rẹ̀ kò bà á. Ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Mákánjúọlá, ọlọ́kadà tó máa ń gbé e lọ sọ́jà, ló dá a mọ̀. Ó dá takisí kan dúró, wọ́n sì gbé Mildred lọ sí ilé ìwòsàn. Nínú ọkọ̀, kò wo ohun mìíràn ju ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ń gbọ̀n lórí itan. Bó ṣe dé bá ìyá òun nìyí, ó ń wí lọ́kàn. Ta ni yóò máa se oúnjẹ fún Prosper?

Nọ́ọ̀sì Judith kò fi àkókò ṣòfò. Ó tẹ́ ẹ sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà, ó bọ́ aṣọ náà kúrò lára rẹ̀, ó fi ìró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Ó ń fi aṣọ tútù nu ọrùn àti abẹ́ apá rẹ̀, ó sì ń fẹ́ ẹ. Nígbà tí ojú Mildred là dáadáa tó sì lè gbé nǹkan mì, ó fún un ní omi tí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ níwọ̀n, díẹ̀díẹ̀.

"Ìyá Jùwọ́n, ẹ gbé ọwọ́ yín méjèèjì sókè fún mi."

Mildred di ojú. Ó gbé wọn. Méjèèjì jọ gòkè lọ.

"Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó dáa. Ẹ wá dárúkọ àwọn ọmọ yín."

Ó dárúkọ wọn. Ohùn rẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n ó já geere.

"Kì í ṣe rọpárọsẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ooru ló mú yín. Aṣọ yìí há ooru mọ́ yín lára, ẹ kò jẹun, ẹ kò sì mu omi. Ká ní ẹ pẹ́ níbẹ̀ ni, ìbá di ọ̀rọ̀ mìíràn."

Mildred bú sẹ́kún, ẹkún ẹni tí ẹrù wúwo kúrò lórí rẹ̀. Ìgbà náà ni Vincent ọkọ rẹ̀, tí Mákánjúọlá lọ pè, wọlé tòun ti ẹrẹ̀ oko lẹ́sẹ̀. Ó di ọwọ́ òsì náà mú.

Nígbà tí ara tù ú, Mildred béèrè nípa ọ̀rá tó yọ́. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó ní omi ara lásán ló dà nù, ọ̀rá wà níbi tó wà.

"Aṣọ wo ni kí n wá wọ̀, nọ́ọ̀sì, tí ojú ò fi ní tì mí?"

"Èyí tó bá gbà yín láyè láti mí, láti gbẹ́sẹ̀. Aṣọ òwú, kó tóbi, kó lè fa òógùn. Ẹ lè wọ bùbá gígùn lé ṣòkòtò gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ ṣí ara sílẹ̀ kí ẹ tó rìn."

Ó tún kìlọ̀ pé kó fi ìrìn bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe eré sísá, kó sì jẹ́ nígbà tí oòrùn kò tíì mú.

Vincent fúnra rẹ̀ ló lọ ṣa ṣòkòtò òwú tó fẹ̀ láàárín òkìrìkà. Aránṣọ fi ìró ańkárá àtijọ́ rán bùbá tó dé orúnkún. Lọ́jọ́ tí Mildred kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ jáde, ìyá ìjọ kan pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó kí i, ó ní ara òun náà ń wá ìrìn. Lọ́jọ́ kejì, ìyá náà dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

Ìdáná náà yí padà. Ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù bá dákẹ́ ni Mildred ń já ẹ̀fọ́, tó ń lọ ata kalẹ̀, tí Jùwọ́nlọ́lá sì ń bá a ṣa edé. Ẹja gbígbẹ, edé àti irú ló fi ń mú ọbẹ̀ dùn báyìí. Prosper kọ́kọ́ ń ráhùn pé ọbẹ̀ kò níyọ̀. Nígbà tó yá, ó gbàgbé. Mildred náà ń jókòó ti abọ́ tirẹ̀ kó tó jáde nílé.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì tún wọn ìfúnpá rẹ̀, ó ti wálẹ̀. Mildred ní kó tún un wọ̀n. Ó wọ̀n ọ́n, ibì kan náà ló wà. Mildred mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí dé ìta. Aníwúrà náà ti kó àwọn aṣọ rọ́bà yẹn kúrò nínú ìsọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí ẹ rójú, ẹ lọ wọn ìfúnpá yín, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹ dín iyọ̀ àti amọ́bẹ̀dùn kù, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú ìkòkò. Ẹni tí dókítà bá fún lóògùn, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Ẹ yẹra fún aṣọ tó ń há ooru mọ́ra. Ẹ mu omi, ẹ jẹun, kí ẹ sì rìn. Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá kọ iṣẹ́ lójijì, tí ẹnu rẹ̀ wọ́ tàbí tí ohùn rẹ̀ lọ́, ẹ má dúró wòye, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Aṣọ tó rọ̀ yín lọ́rùn ti wà nínú àpótí yín. Ẹ mú un, kí ẹ jáde láàárọ̀ ọ̀la.