Dókítà Íńtánẹ́ẹ̀tì ti Àgbowó

Ìwé mẹ́ta ni Dókítà Olúdọ̀tun tẹ́ sórí tábìlì Ìyáàfin Yéjídé Adéfọlárìn láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà. Ó rọra ń fọwọ́ nà wọ́n bí ẹni ń tẹ́ aṣọ ọmọ tuntun. Igbákejì pírínsípà ni Ìyáàfin Yéjídé ní ilé ìwé girama kan ní Bódìjà. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé náà ni pé ó ń ta ìbéèrè ìdánwò fún àwọn ọmọ olówó.

“Irọ́ ni!”

“Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀, Mà. Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà. Gbogbo ayé ló ń kà á.”

“Ta ló kọ ọ́?”

“Íńtánẹ́ẹ̀tì ni, Mà.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọdún 1998 la wà. Ní Ìbàdàn nígbà náà, ẹni tó bá ti fojú kan kọ̀ǹpútà rí, ọ̀gá ni. Olúdọ̀tun ní ọ̀kan. Ó gbé e sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Àgbowó, ó fi léèsì bò ó, ó sì fi ara rẹ̀ jẹ dókítà láìyọ yunifásítì kankan lẹ́nu.

Ó ṣí ojú ewé kẹta. “Àwọn tó kà á ti ń fèsì. Ẹ wo ará Amẹ́ríkà. Ẹ wo ará Jámánì. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yín ṣe dun ará Lọ́ńdọ̀nù yìí.”

Ìyáàfin Yéjídé gbá ìwé náà mú. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ máa pinnu bóyá yóò di pírínsípà.

“Kí lo fẹ́ kí n ṣe?”

“Èmi nìkan ni mo lè yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Owó kọ́ ni mo fẹ́ o, Mà, owó ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ kó ìwé ọkọ̀ Pijó tí Dádì fi sílẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́bọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo máa gbé ẹ̀dà ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí tó wà lọ́wọ́ mi lọ bá ìgbìmọ̀.”

Ìyáàfin Yéjídé sáré lọ bá Lọ́yà Ikúbọlájẹ́ ní Dùgbẹ̀. Lọ́yà ka ìwé náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

“Mà, òfin ilẹ̀ wa ò tíì mọ Íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fún un ní nǹkan tó bá fẹ́, kẹ́ ẹ sì pa ẹnu mọ́.”

Ìmọ̀ràn àgbà nìyẹn! Ohun tí lọ́yà ò sọ ni pé fìríìjì tirẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ Olúdọ̀tun láti oṣù tó kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni jẹnẹrétọ̀ Alhaji Ṣàkírù, tó ń du ipò alága ìjọba ìbílẹ̀, tó sì ń pariwo kiri pé òun máa fi kọ̀ǹpútà sí gbogbo ilé ìwé.

Ìyáàfin Yéjídé délé, ó jókòó, ó ń sunkún. Ṣùgbọ́n tíṣà ni. Kò lè ka ìwé kankan láìmú bírò pupa lọ́wọ́. Ó bá tún àwọn ìwé náà kà bí ẹni ń máàkì iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ará Lọ́ńdọ̀nù, bírò dúró. Ohun tí òyìnbó náà kọ nìyí: “Ọ̀rọ̀ obìnrin yìí dùn mí gan-an. Ǹ bá ti kà á láàárọ̀ Sátidé, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kéèyàn jáde títí di aago mẹ́wàá, nítorí ìmọ́tótó àyíká.”

Ọdún méjì ni Ìyáàfin Yéjídé àti ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé lò ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí Sátidé ìparí oṣù kan tí ẹnikẹ́ni sé wọn mọ́lé pé kí wọ́n kó pàǹtí ojú gọ́tà. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé mìíràn fi dé. Ó fi bírò yí ọ̀rọ̀ náà po, ó sì gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

“Íńtánẹ́ẹ̀tì?” Ìsìpẹ́kítọ̀ Sùlàímọ́nù béèrè. “Àdúgbò wo ló ń gbé?”

“Ẹ ka ibi tí mo yí po yìí, sà.”

Sùlàímọ́nù kà á, ó gbójú sókè. “Ará Lọ́ńdọ̀nù? Ìmọ́tótó? Àgbowó ni Lọ́ńdọ̀nù yìí wà, Mà. Ẹ jẹ́ ká lọ mú un.”

Lọ́jọ́bọ̀, Ìyáàfin Yéjídé wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú àpò ìwé lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́pàá méjì, Sùlàímọ́nù ọ̀kan nínú wọn, dúró síta bíi oníbàárà. Wọ́n wọ bùbá àti ṣòkòtò tó bójú mu, àmọ́ bàtà ìjọba ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ọgbọ́n ńlá! Olúdọ̀tun rí bàtà, ó gba ẹ̀yìnkùlé fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó fò mọ́ ọ̀kadà, ó di gáréèjì Challenge. Sùlàímọ́nù fi takisí lé e.

Ní gáréèjì, Olúdọ̀tun kó sínú bọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú-Òde.

“Dẹ́rẹ́bà, ẹ jẹ́ ká máa lọ!”

“Ó ku ẹnì kan,” agbèrò dáhùn.

“Bàbá mi ń kú lọ, mo bẹ̀ yín!”

“Ẹ sanwó àyè ẹnì kan yẹn, ká máa lọ.”

Olúdọ̀tun tọwọ́ bàpò. Ọ̀gbẹ́ni tó ní fìríìjì àti jẹnẹrétọ̀ kò ní ju owó ọkọ̀ ara rẹ̀ lọ. Ó tẹ orí ba, ó ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run rán èrò kan wá. Àdúrà gbà. Ọkùnrin kan wọlé, ó jókòó tì í.

“Ẹ sún díẹ̀, Dókítà,” Sùlàímọ́nù sọ, ó sì gbá a lọ́wọ́ mú. “Dẹ́rẹ́bà, ọkọ̀ ti kún. Àgọ́ ọlọ́pàá là ń lọ.”

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, wọ́n pe àwọn tó ni ẹrù tí ọlọ́pàá kó ní ṣọ́ọ̀bù náà wá sí àgọ́. Alhaji Ṣàkírù ń gbé ohùn sókè pé kí wọ́n yìnbọn fún ọ̀daràn náà. Lọ́yà ń ka òfin. Ìyáàfin Yéjídé dé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀. Wọ́n ti fi í jẹ pírínsípà. Sùlàímọ́nù mú gègé.

“Ìwọ, níbo ni Íńtánẹ́ẹ̀tì náà wà?”

“Kò sí, sà. Kọ̀ǹpútà gan-an ò tàn rí. Atẹ̀wé kan ló ń bá mi tẹ ìwé wọ̀nyẹn. Mo sọ fún un pé eré orí ìtàgé ni.”

“Àwọn tó ń fèsì ńkọ́?”

“Èmi náà ni, sà.”

“Báwo lo ṣe mọ àṣírí àwọn èèyàn wọ̀nyí?”

“N ò mọ nǹkan kan, sà. Mo kàn hùmọ̀ rẹ̀ ni. Mo kọ pé Mà ń ta ìbéèrè. Mo kọ pé lọ́yà jẹ ogún ọmọ òrukàn. Mo kọ pé Alhaji ti ra káàdì ìdìbò pamọ́. Mà bá mi jiyàn. Àmọ́ nígbà tí fìríìjì lọ́yà dé lọ́jọ́ náà gan-an, tí jẹnẹrétọ̀ sì dé kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnu ya èmi fúnra mi. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé òótọ́ ni mo kọ.”

Alhaji wo jẹnẹrétọ̀. “Èyí ò jọ tèmi,” ó ní. “Láńtà ni mò ń tàn nílé.” Lọ́yà náà tẹjú mọ́ fìríìjì, ó ní òun kì í mu omi tútù.

Ìyáàfin Yéjídé dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìsìpẹ́kítọ̀. Ẹrù tó wà láyà rẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti sọ̀. Ó jáde, ó ṣí Pijó rẹ̀, ó sì ń kọrin lọ sílé.

Lọ́yà àti Alhaji náà fẹ́ dìde. Sùlàímọ́nù ní kí wọ́n jókòó. Ó ṣí ojú ewé tuntun, ó kọ déètì sórí rẹ̀.

“Ó yá, Lọ́yà,” ó ní. “Àwọn ọmọ òrukàn yẹn, mélòó ni wọ́n?”