Èémí Kejì Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Bàbá

Èémí méjì ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tí ẹnì kan ṣoṣo kọrin sí. Àpínkẹ́ kọ́kọ́ rò pé fáànù ni. Ó pa fáànù, ó tún orin náà gbọ́. Èémí kejì ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la iṣẹ́ Àpínkẹ́ yé yín. Rédíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti ń ṣiṣẹ́, yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìkòsí. Orin tí wọ́n ń kó wá fún un kì í dọ́gba: òmíràn ń pariwo, òmíràn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Òun ló ń mú gbogbo wọn wá sí ìwọ̀n kan náà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń tún ohùn ṣe, tó ń dán wọn kí wọ́n tó jáde sí etí ayé. Kì í sì í ṣe ibi tí orin ti ké jù ló ń wò. Ṣé ẹ ti rí apẹ̀rẹ̀ tòmátì ní Mile 12 rí? Ọlọ́gbọ́n kì í torí tòmátì kan tó yọrí lókè rajà. Apẹ̀rẹ̀ látòkè délẹ̀ ló ń yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ni Àpínkẹ́ ṣe ń wọn orin, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Afeez, atọ́kùn ètò ọ̀sán, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Àǹtí Tíṣà, ṣebí ẹ̀rọ yẹn lè gbé e sókè fúnra ẹ̀? Kí lẹ̀ ń yọ ara yín lẹ́nu sí?"

"Ẹ̀rọ ò mọ orin, kò mọ ariwo. Ohun tó bá ṣáà ti kéré, á fà á sókè. Tí akọrin bá dákẹ́ díẹ̀, á wá ohun tó wà nínú ìdákẹ́jẹ́ náà jáde. Wàá gbọ́ adìẹ ilé kejì."

"Ṣé adìẹ ò lè di gbajúmọ̀ ni?"

Fáṣínà, bàbá Àpínkẹ́, ló ni kásẹ́ẹ̀tì náà. Ọ̀dọ́ ni nígbà tó kọrin sí i, kò tíì mọ ìyá Àpínkẹ́ rárá. Ó ti dolóògbé báyìí. Ruqoyah, opó rẹ̀, tó ń gbé ní Alápẹ̀rẹ̀, ló bẹ ọmọ rẹ̀ pé, "Ohùn ẹ̀ ti ń lọ kúrò létí mi. Jẹ́ kí n gbọ́ ọ kedere lẹ́ẹ̀kan sí i." Àpínkẹ́ ṣèlérí. Afeez sì ti kéde pé ọ̀sán ọjọ́ náà ni orin máa wọlé.

Ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì kéré púpọ̀. Àpínkẹ́ gbé e sókè dé ìwọ̀n. Àmọ́ ẹni tó bá gbé ìkòkò, ó ti gbé ohun tó sùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Ariwo kásẹ́ẹ̀tì dìde bí òjò lórí páànù, èémí kejì náà sì bá a dìde. Níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti dákẹ́ lẹ́yìn ẹsẹ kejì, ẹnì kan húkọ́.

Àpínkẹ́ mọ ikọ́ náà. Ti bàbá rẹ̀ ni, òun ló sì tọ́jú u títí ó fi kú. Ikọ́ arúgbó, nínú orin ọ̀dọ́.

Ohùn kan wá tẹ̀ lé e, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ruqoyah, ṣé o ti múra?"

Àpínkẹ́ dá kásẹ́ẹ̀tì dúró. Ó pe ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká fi orin yẹn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn."

"Ọjọ́ wo? Mo ti wẹ̀, mo ti wọ léèsì tó fẹ́ràn. Má dá mi lóró, Àpínkẹ́."

"Ẹ wọ léèsì torí rédíò, Mọ́mì?"

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣé torí rédíò ni?"

Àpínkẹ́ ò lè yẹ àdéhùn, kò sì fẹ́ kí ohùn yẹn dé etí ìyá òun. Ó bá dá orin náà padà sí bó ṣe kéré tẹ́lẹ̀. Mọ́mì á gbọ́ orin. Ohun tó wà nísàlẹ̀ á dúró nísàlẹ̀. Ẹ ò rí i, ìbẹ̀rù lè mú kí tíṣà gbàgbé ẹ̀kọ́ tóun fúnra rẹ̀ ń kọ́ni.

Orin wọlé. Ẹ̀rọ bá a ní kíkéré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sókè. Ẹsẹ kejì parí, ọ̀dọ́mọkùnrin náà dákẹ́, iná tó ń fi ìwọ̀n ohùn hàn lára ẹ̀rọ sì ń gòkè lọ nínú ìdákẹ́jẹ́ náà. Ìgbà yẹn ni Àpínkẹ́ rántí adìẹ ilé kejì. Ó na ọwọ́. Ó ti pẹ́ jù.

"Ruqoyah, ṣé o ti múra?" Ó jáde ketekete, bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Afeez yíjú sí i. "Àǹtí, ta nìyẹn?"

Kó tó fèsì, obìnrin kan dáhùn láti inú orin náà: "Mo ti múra."

Kò sí ohùn yẹn níbẹ̀ láàárọ̀. Ohùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni.

Afeez ti pa orin. Àpínkẹ́ pe ilé; wọ́n gbé e kíá.

"Mọ́mì?"

Ariwo kásẹ́ẹ̀tì ló gbọ́, bí òjò lórí páànù. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ní ọ̀nà jíjìn, nǹkan kan ń lọ tó ń bọ̀, bí èémí èèyàn méjì tó jọ ń rìn.

Àtàǹpàkò rẹ̀ lọ sórí bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn fóònù sókè. Ó dúró níbẹ̀. Kò tẹ̀ ẹ́.