Ọmọ Oshakati Tó Ń Ṣọ́ Kòkòrò

Ńṣe ni Ndinelago dojú bolẹ̀ lórí òkè iyanrìn, ìdí lókè, tí ìkùukùu àárọ̀ ti rin aṣọ rẹ̀ gbindin, nígbà tí Eliaser kọ́kọ́ rí i. Ó rò pé ó ti dákú. Ó sáré gun òkè náà, ó dì í lápá mú.

"Dúró! O fẹ́ẹ́ tẹ kòkòrò mi pa!"

Lóòótọ́, kòkòrò dúdú kan dorí kodò níwájú imú rẹ̀, omi ìkùukùu ń ṣàn láti ẹ̀yìn kòkòrò náà bọ́ sí i lẹ́nu.

"Má bínú," Eliaser wí. "Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni kòkòrò ọ̀hún?"

Ndinelago fẹ́ bínú. Ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Olùkọ́ wọn ti ní kí kálukú jókòó ti ohun ẹlẹ́mìí kan nínú aṣálẹ̀ Namib fún odidi ọdún kan. Ndinelago mú kòkòrò. Eliaser, ọmọ ẹ̀yà Nama tí wọ́n bí sétí odò Kuiseb, mú nara, igi ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń jẹ èso rẹ̀. Oòrùn a mú, iyanrìn a jó wọn lẹ́sẹ̀, wọn á jọ mu omi inú ike kan. Nígbà tó yá, ọ̀kan ò lè jẹun láìwá èkejì.

Ìgbà náà ni bàbá Ndinelago wa ọkọ̀ dé láti Oshakati, ìlú wọn lápá àríwá.

"Di ẹrù ẹ. Ṣé kòkòrò ni wọ́n ń kà níléèwé ni? Ta sì nìyí?"

"Eliaser lorúkọ mi, Tate," ni Eliaser wí, ó pè é ní bàbá lédè àríwá. "Mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín."

"Màlúù bàbá ẹ tó mélòó?"

"A ò ní màlúù, Tate. Ewúrẹ́ la ní."

Ọkùnrin náà pòṣé. "Ndinelago, bó o bá dúró, má wálé mọ́."

Ó wakọ̀ lọ. Ndinelago sunkún títí.

"Olólùfẹ́ mi, tẹ̀ lé wọn," Eliaser wí. "Màá dúró dè ọ́."

"Ṣé mo sọ fún ọ pé ó rẹ̀ mí ni?" Ó nu ojú rẹ̀. "Mi ò kúrò níbí. Ìwọ náà, wá nǹkan ṣe tí bàbá mi á fi gbà ọ́."

Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi, tí òjò ti ń rọ̀ lápá àríwá, Eliaser wọkọ̀ lọ sí Oshakati. Ó tọrọ ọkọ́, ó wọ oko ọkà mahangu bàbá náà, ó ń ro ó. Wọn ò kí i káàbọ̀. Kò lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù Ndinelago dún.

"Ọkùnrin ẹ yìí ò mọ oko ro," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ó ń ro mahangu pọ̀ mọ́ koríko. Ọwọ́ ẹ̀ ti bó, mo ní kó máa lọ, ó kọ̀. Ta ló kó agídí ràn án?"

"Èmi ni, Tate."

"Mo mọ̀. Ara mi lo ti kó o."



"Tate, ẹ jọ̀ọ́, ó ku díẹ̀ kí n parí iṣẹ́ mi."

"Parí ẹ̀ dáadáa. Ọkọ ẹ ò ní sá. Oko ṣì pọ̀ fún un láti ro."

Ndinelago gbọ́ "ọkọ ẹ" yẹn. Ó jókòó sórí iyanrìn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.