Lagilagi Tí Ó Fẹ́ Padà Sẹ́yìn

"Ṣé o ti lọ wo àbúrò rẹ?"

"Ṣé dókítà ni ẹ pè mí ni, Bàbá?"

"Ta ló tẹ bọ́tìnnì?"

"Ta ló ní kí ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ayùn?"

"Ṣé èsì ìbéèrè mi nìyẹn?"

Lagilagi kan ni ó ń dá àgbà lóhùn báyìí. Àgbà náà ni ó ń pọ́n ayùn níbi iṣẹ́ wọn. Bàbá Apọ́nyùn ni gbogbo wọn ń pè é. Onígbàgbọ́ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá bi ọ́ ní ìbéèrè, yóò dúró gba èsì.

Eré orí fóònù ni ó sọ lagilagi yìí di ẹrú. Eré ogun ni: ìwọ yóò sún ọmọ ogun kan, ọ̀tá yóò dúró títí o fi ronú tán, òun náà yóò wá sún tirẹ̀. Ó ti borí nínú apá kìíní. Nígbà tí apá kejì jáde, tí ó le ju ti ìṣáájú lọ, kò rí ti ilé rò mọ́, ká má tilẹ̀ sọ ti Ọlọ́run. Ó sọ ọmọ ogun kan ní Kékeré, ìnagijẹ àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń la gẹdú. Bí ọ̀tá bá pa Kékeré, yóò padà sí ibi tí ó fi eré náà pamọ́ sí, níbi tí Kékeré ṣì wà láàyè, yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìjà lákọ̀tun.

Bàbá kìlọ̀ títí. Lagilagi fi í rẹ́rìn-ín pé kí Bàbá máa pọ́n ayùn, kí ó jẹ́ kí òun pọ́n idà òun.

Òfin kan wà níbi iṣẹ́ wọn: bí ẹnì kan bá ń kó èérún igi kúrò lábẹ́ ayùn, ẹnì kejì kò gbọdọ̀ tẹ bọ́tìnnì àfi bí ẹni ìsàlẹ̀ bá fi ẹnu ara rẹ̀ wí pé òun ti jáde. Lọ́jọ́ tí jàǹbá ṣẹlẹ̀, Kékeré wà lábẹ́ ayùn, ìjà sì gbóná lójú fóònù. Lagilagi gbọ́ ohùn kan, kò wò ó pé ohùn ta ni, ó sì tẹ bọ́tìnnì.

Ayùn gé ọwọ́ ọ̀tún Kékeré.

Lagilagi sọ fún ọ̀gá iṣẹ́ wọn pé àìbìkítà àbúrò òun ló fà á, pé ẹ̀rọ ló dédé ṣiṣẹ́. Ọ̀gá gbà á gbọ́. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni ìwé ìlénilẹ́nu-iṣẹ́ ti bá Kékeré.

Láti ìgbà náà, inú eré ni lagilagi ń sá sí. Níbẹ̀, ọwọ́ Kékeré pé méjì. Ó ń wò ó, omijé ń dà lójú rẹ̀. Oúnjẹ kò lọ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ro ikú.

"Bàbá," ó wí níjọ́ kan, "ẹ wá ibi tí n ó padà sí fún mi."

"Kò sí, ọmọ mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n Jésù ti ru ẹ̀ṣẹ̀ rẹ lọ sórí igi àgbélébùú. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí o lọ, má sì gbé irọ́ yẹn dání."

Bàbá mú un dé ilé ìwòsàn. Ọ̀gá ti wà níbẹ̀. Kékeré wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò kí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló tẹ bọ́tìnnì?"

Lagilagi yíjú wo ọ̀gá.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, ìwọ náà mọ ohun tí o bò mọ́lẹ̀. Ta ni o tì í sí lọ́rùn? O lè máà rí ohun tí o bà jẹ́ tún ṣe láéláé, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ Jésù tó láti wẹ̀ ọ́. Má wí pé ó di ọ̀la. Níbi tí o jókòó sí yìí gan-an, dá Jésù lóhùn.

Lagilagi wólẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn.

"Èmi ni. Olúwa, ṣàánú mi. Kékeré, èmi ni."