Ọmọ-ọmọ Wolé-wolé

"Ẹ ò mọ Èkó rárá," ni Bàbá Adébánjí wí, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú lórí àga onírọ́bà. "Èyí tí ẹ̀ ń pè ní Èkó lónìí, àwókù rẹ̀ ni."

Títílọpẹ́, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ń so ẹnu ọ̀rá ìdọ̀tí dúdú mẹ́ta níwájú ilé wọn ní Mowe. Ó ti mọ ohun tó kàn. Bàbá yóò ti Lafíàjì bẹ̀rẹ̀, yóò gba Marínà kọjá, yóò ka àwọn igi tó ṣíji bo etí ọ̀sà, yóò sì sọ bí wọ́n ṣe ń gbá títì kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí Èkó ṣì jẹ́ olú-ìlú, tí ìjọba ò tíì kó lọ sí Àbújá. Lẹ́yìn náà ni yóò wá kan ara rẹ̀: wolé-wolé tó ń wọ ṣòkòtò kakí, tó ń ṣí ìdérí ìkòkò omi wò, tó ń yọjú sínú gọ́tà, tí àwọn ìyàwó ilé ń sáré mú ìgbálẹ̀ bí wọ́n bá ti gbúròó bàtà rẹ̀. Nítorí ìtàn yìí ni gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é ní Bàbá Èkó.

"Èèyàn lè jókòó sétí gọ́tà kó máa jẹun nígbà yẹn."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, etí gọ́tà kẹ̀?"

"Mo ní etí gọ́tà! Ṣé mo purọ́ fún ọ rí ni? Tètè gbé ìdọ̀tí yẹn kí òjò tó dé. Ìdí ọkọ̀ akólẹ̀ ni kó o gbé e lọ o. Wọn ò gbọdọ̀ bá ìdọ̀tí ilé mi níbòmíì."

"Mo ti gbọ́, sà."

Ìdí ọkọ̀ akólẹ̀ jìnnà. Etí títì márosẹ̀ ló wà, ọ̀nà ibẹ̀ sì kún fún ẹrẹ̀. Títílọpẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun lánàá ni, ojú ọ̀run sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò tíì rìn dé ìkòríta tó fi bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, Nàfísàt, tó dúró pẹ̀lú garawa ìdọ̀tí lẹ́sẹ̀ gọ́tà.

"Níbo lò ń kó ẹrù lọ? Ṣé o ń kó lọ sílé ọkọ ni?"

"Ìdí ọkọ̀ akólẹ̀ ni. Bàbá ló ní kí n lọ."

Nàfísàt bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Èkó! Bá mi sọ fún wọn pé Mowe la wà o. Òjò ti ń bọ̀ láti gbé e, ìwọ ń fi orí rù ú. Wo ẹ̀yìn rẹ ná."

Títílọpẹ́ wẹ̀yìn. Lẹ́nu ọ̀nà bí ilé mẹ́fà, garawa àti àpò ìdọ̀tí ti wà nílẹ̀, wọ́n ń dúró de òjò. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn ládùúgbò náà. Kò sẹ́ni tó ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí wọ́n á ní ọ̀bùn lonítọ̀hún. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ń rọ̀, ó di ohun tí kò lẹ́ṣẹ̀. Omi ló gbé e, kì í ṣe èèyàn.

"Má tíì dà á o," ni Nàfísàt wí nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. "Jẹ́ kómi lágbára ná."

Omi lágbára. Títílọpẹ́ ju ọ̀rá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i. Wọ́n yí gbiri, wọ́n sì lọ.

"Ó ti dé Ìbàfò nìyẹn!" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi sá wọlé.

Ìdọ̀tí náà kò dé Ìbàfò. Kò tilẹ̀ kúrò ládùúgbò. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí gọ́tà ti gba abẹ́ títì kọjá, ibẹ̀ ló há sí, omi sì wá ọ̀nà mìíràn. Yàrá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló wọ̀. Ìyá Jọmílójú, aránṣọ tó kó wá láti Ọ̀yọ́ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ló háyà á. Omi mu ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dórùn, ó sì rin aṣọ akọrin tó rán fún ṣọ́ọ̀ṣì kan gbingbin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, àwọn onílé pàdé níwájú ilé alága wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnlàdé. Títílọpẹ́ ló bá Bàbá gbé àga lọ.

"Iwájú yàrá obìnrin yìí ni ìdọ̀tí ti dí gọ́tà," ni alága wí. "Kó tó dé, ṣé omi ya wọ títì bẹ́ẹ̀ rí? Kó kó ẹrù rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí."

Ìyá Jọmílójú kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ wo inú yàrá mi. Ṣé n ó fọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ ara mi jẹ́ ni? Níbo lẹ fẹ́ kí n gbé ọmọ yìí lọ?"

Ohùn Bàbá Adébánjí ló ròkè jù. "Irú àwọn báyìí ló ba Èkó jẹ́! Àwọn àjèjì! Ìlú tó mọ́ tónítóní, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n sọ ọ́ di ààtàn!"

Nàfísàt, tó dúró ti Títílọpẹ́, já a léèékánná. "Panu mọ́ o. Gbogbo wọn náà ló ń dà á."

Òótọ́ ni. Gbogbo wọn ló ń dà á, gbogbo wọn ló sì jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń ṣèdájọ́. Títílọpẹ́ wo ọmọ tó sùn sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ìyá Jọmílójú kọ́. Èmi ni mo da ìdọ̀tí síbẹ̀."

"Ìdọ̀tí ilé ta ni?" ni alága bèèrè.

"Ìdọ̀tí ilé wa, sà."

"Títílọpẹ́!" Ìgbe ni Bàbá fi pè é.

"Ọ̀rá dúdú mẹ́ta ni, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Wọ́n lọ. Ọkùnrin kan fi ọkọ́ wa ìdọ̀tí náà jáde. Ọ̀rá dúdú méjì kọ́kọ́ yọ, páálí oògùn Bàbá sì wà nínú ọ̀kan. Àwọn èèyàn fẹ́ máa pariwo, àfi bí àpò sìmẹ́ǹtì ṣe yọ, irú èyí tí alága fi ń ṣe ògiri rẹ̀ lọ́wọ́. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kan tẹ̀ lé e.

"Nà-fí-sàt Mù-tíù," ni ọkùnrin náà kà, ó ń ṣí ìwé náà. "Ó mà gba méjì nínú ogún o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú. Kò sẹ́ni tó tún lè wo ojú Ìyá Jọmílójú.

Bàbá Adébánjí fọwọ́ ti ògiri. Ohùn rẹ̀ kò ròkè mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé Lafíàjì nígbà náà," ló wí. "Bí òjò bá ń rọ̀, ó máa ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà. Mo mọ̀. Wolé-wolé ni mí, mo lè mú un. Ṣùgbọ́n n kì í gba àdúgbò rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ òjò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi náà ní ẹ̀gbọ́n tiwọn." Ó yíjú sí aránṣọ náà. "Ìyá Jọmílójú, mo ṣẹ̀ ọ́. Àjèjì kọ́ ló ba Èkó wa jẹ́."

Alága wúkọ́, ó ní ọ̀rọ̀ kíkó ẹrù ti tán. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni Títílọpẹ́ fi bá Ìyá Jọmílójú fọ aṣọ akọrin, tó tún ń lọ ọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Bàbá kò bá a wí. Ó jókòó tì wọ́n, ó ń nu ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń ta òróró sí i.

Ohun tí Títílọpẹ́ kọ́ nìyí, òun náà sì ni kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mú lọ: kò dìgbà tí ọ̀tá bá ti òkèèrè wá kí ìlú tó bàjẹ́. Àwa tá a ń gbé inú rẹ̀ là ń bà á jẹ́, bí a bá ń ṣe ohun tí kò dára nítorí pé gbogbo èèyàn ló ń ṣe é, tá a sì panu mọ́ nígbà tí wọ́n bá di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.