Rọ́bà Kẹrin

Ẹ̀ẹ̀melòó ni obìnrin náà sá yí àgbá irin yẹn ká? Títí di òní, kò mọ̀ ọ́n. Ẹ bi í, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa wò. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí o. Kì í ṣe àlá, kì í ṣe ìtàn tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé. Ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀, lójú títì ọ̀dà, níbi tí èèyàn ti pọ̀ bíi rẹ́rẹ. Ẹ má dúró de ìgbà tí ilẹ̀ máa ṣú. Ilẹ̀ ò ṣú.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ẹja. Kó tó lóyún ló ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje alápá mẹ́ta náà: kéèyàn lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún, kó gun kẹ̀kẹ́ fún ohun tó lé ní wákàtí mẹ́ta, kó wá fẹsẹ̀ sá ogún kìlómítà lé e. Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́wàá, ó ní òun máa lọ parí ohun tí òun bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé orí ẹ pé?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló sọ bẹ́ẹ̀. "Nínú oòrùn yìí? Ọmọ tí kì í fẹnu kan ìgò?"

"Kó tó di aago kan, mo ti dé, Àǹtí mi."

"Aago kan o. Mi ò ní ọmú tí mo máa fún un."

Bọ́rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọmọ náà kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ì báà ṣe omi lásán. Aago márùn-ún ìdájí ló mu ọmú kẹ́yìn. Láti ìgbà yẹn, ohun tí ìyá rẹ̀ ń sá bọ̀ wá bá kò ju ẹnu kékeré yẹn lọ.

Oòrùn ọdún yẹn burú. Ọ̀dà ń yọ́ lójú títì. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣòfin pé ẹni tó bá parí kò gbọdọ̀ dá lọ sílé. Ará ilé rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wá fọwọ́ sí ìwé lẹ́nu ọ̀nà, kó gbà á bí ẹni gba ẹrù.

"Ṣé wọ́n á kọ́kọ́ wọ̀n ẹ́ fún mi ni," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í, "kí n lè mọ̀ bóyá ó pé?"

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkùnrin tó mú gbohùngbohùn dání ka àwọn olùdíje létí omi. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Òjìlénígba èèyàn, kò lé, kò dín.

Omi dùn mọ́ ọn. Kẹ̀kẹ́ fìyà jẹ ẹ́. Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú nígbà tó sáré wọ àgọ́ tí wọ́n ti ń pààrọ̀ bàtà. Ìkọ́ wà lára igi gbọọrọ kan, àpò kálukú lórí ìkọ́ tirẹ̀. Ó fa tirẹ̀, nọ́ńbà 96. Bàtà rẹ̀ wà níbẹ̀, tuntun, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló rà á. Fìlà rẹ̀ ò sí. Ọmọ ló ń rún un lẹ́nu lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n fìlà kan wà lórí ìkọ́ náà. Funfun. Ó tutù rinrin, bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú omi yìnyín.

Ó rò pé àwọn tó ṣètò ìdíje ló fi ta wọ́n lọ́rẹ. Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú irú eré yìí. Wọ́n á fún ọ ní kànrìnkàn tútù, wọ́n á da omi sí ọ lọ́rùn. Ta ló máa kọ ohun tútù nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Kò wo inú rẹ̀. Ó dé e.

Ìyípo mẹ́rin ni wọ́n máa sá. Títì kan ṣoṣo ni, wọ́n fi irin ṣọgbà sí i lọ́tùn-ún, wọ́n fi ṣọgbà sí i lósì. Àgbá irin kan wà ní ìparí rẹ̀. Ìyá arúgbó kan jókòó tì í lábẹ́ agboòrùn, ó to rọ́bà tín-ín-rín sórí okùn. Bó o bá ti yí àgbá ká, á fi rọ́bà kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Wàá sá padà dé oríta, níbi tí ọkùnrin afunfèrè kan á ti wo ọwọ́ rẹ. Bí rọ́bà bá pé mẹ́rin, ọ̀tún: o ti parí nìyẹn. Bí kò bá pé, òsì: padà sójú títì.

Òun àti ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Káfíńtà ni wọ́n jọ sá ìyípo kìíní. Ọkùnrin náà tó bí i lọ́mọ, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dilẹ̀.

"Ẹja, orí ilẹ̀ la wà báyìí o. Ṣọ́ra kó o má yan gbẹ."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí pákó gbígbẹ ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́ iná, Bàbá Káfíńtà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá tẹjú mọ́ orí rẹ̀. "Níbo lo ti rí fìlà tútù? Omi ń kán lára ẹ̀."

"Ṣé wọn ò fún yín ni?"

"Wọn ò fún ẹnì kankan."

Káfíńtà sáré kọjá lọ. Ẹja náà kò rò ó síwájú sí i. Otútù fìlà náà ń sọ̀ kalẹ̀ sí i lọ́rùn, ó ń bá a lára mu.

Rọ́bà kìíní. Èkejì. Ẹ̀kẹta. Nígbà tó dé oríta lẹ́ẹ̀kẹta, aago ńlá tó wà lórí òpó fi aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún hàn. Ó ku ìyípo kan. Á parí kí aago kan tó lù.

Ó yí àgbá ká. Ìyá náà bọ rọ́bà sí i lọ́wọ́. Ó fi ìka kà á: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Ó kọrí sílé.

Ibẹ̀ ló ti ṣàkíyèsí pé títì ti dákẹ́.

Kò rí ẹnì kankan níwájú. Kò sí àtẹ́wọ́ mọ́. Òjìji rẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́, kò yọ sí ọ̀tún, kò yọ sí òsì. Ìró bàtà tirẹ̀ ló ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ òmíràn, ó ń tẹ̀lé tirẹ̀ tímọ́tímọ́. Ẹsẹ̀ lásán ni, láìsí bàtà. Ẹsẹ̀ tútù.

Ó bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ojú ọ̀dà rin ní ibì kan, ó tó àtẹ́lẹsẹ̀ ènìyàn. Bó ṣe ń wò ó, ó gbẹ.

"Mẹ́ta," ni ọkùnrin afunfèrè wí. "Òsì."

"Mẹ́rin ni. Mo kà á."

"Mẹ́ta."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mẹ́ta ni. Ó gbójú sókè wo aago. Méjìlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lẹ́yìn ọgbà irin, ọmọ wà léjìká rẹ̀, ó ń ké. Bí Ẹja ṣe gbọ́ igbe yẹn, wàrà ya lọ́mú rẹ̀, ó rin aṣọ rẹ̀ dé ìdodo. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ juwọ́. Àmọ́ ojú rẹ̀ kò sí lára Ẹja. Ó ń wo ẹ̀gbẹ́ Ẹja, lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń kí ẹlòmíràn.

Ó padà sójú títì. Lẹ́yìn tó yí àgbá ká tán, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú, ó sì dì wọ́n mú bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé oríta. Ó ṣí ọwọ́. Mẹ́ta. Méjìlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Mi ò sá mọ́," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ọmọ mi nìyẹn."

"Òsì."

Ó di irin ọgbà mú kó lè gùn ún. Irin náà jó o lọ́wọ́, awọ ọwọ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lára rẹ̀. Ó já wálẹ̀. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ ti kọ sí ọ̀nà àgbá.

Kò ka ìyípo mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ń sá, ó ń padà, wọ́n ń dá a padà. Ọmọ ń ké. Ẹsẹ̀ tútù yẹn ò fi í sílẹ̀, ó tilẹ̀ ń mí báyìí. Ohun kan ṣoṣo ló ń tù ú lára: fìlà orí rẹ̀. Kò gbẹ. Nínú oòrùn tó ń yọ́ títì, omi kò dá lára rẹ̀.

Nígbà tó yá, kò sáré kọjá ní ibi àgbá. Ó dúró níwájú ìyá náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti fún mi?"

"Ìwọ?" Ìyá náà kò gbójú sókè. "Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Mo ti dé ibí yìí ju ìyẹn lọ."

"Ẹ̀yin méjì lẹ ń wá lábẹ́ fìlà kan. Ẹni tó ni fìlà ni mò ń fún."

"Èmi nìkan ni, Mà."

Ìyá náà wá gbójú sókè. Ó wo ẹ̀yìn Ẹja fún ìgbà díẹ̀. "Ó dáa," ló ní.

Ẹja gbé ọwọ́ lé fìlà. Ó lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ó fà á, ó sì dà bíi pé ẹnì kan ń fà á padà láti ẹ̀yìn, rọra, bí ọmọdé tí kò fẹ́ kí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ òun. Ó fa irun tẹ̀lé e. Oòrùn já lù ú lórí bí omi gbígbóná. Ó wo inú fìlà náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n fi yíǹkì kọ nọ́ńbà sí i, ó ti ń ṣí: 241.

Òjìlénígba èèyàn ló wọ omi láàárọ̀.

Ó gbé fìlà lé orí àgbá. Ó na ọwọ́. Ìyá náà bọ rọ́bà sí i. Ìyá náà tún fa òmíràn yọ lórí okùn, ó sì nà án sínú afẹ́fẹ́, síbi tí kò sí nǹkan kan. Ẹja ò dúró wò ó. Ó ti sá jìnnà díẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀: tẹ́. Ìró rọ́bà nígbà tó bá bà lé ara ọrùn ọwọ́.

"Mẹ́rin," ni ọkùnrin afunfèrè wí. "Ọ̀tún."

Aago fi méjìlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú hàn.

Káfíńtà wà níbẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń da omi sí i lórí. "O yára o, Ẹja. Ṣebí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mo fi ṣáájú ẹ." Ó wá rí bàtà rẹ̀, kò sì ṣàwàdà mọ́. Ìsàlẹ̀ bàtà tuntun náà ti jẹ tán. Ìbọ̀sẹ̀ ti yọ. Ìbọ̀sẹ̀ pàápàá ti lu.

Ẹja gba ọmọ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fún un lọ́mú. Ọmọ náà ń mu, ó ń wo ẹ̀yìn èjìká ìyá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ fọwọ́ sí ìwé lẹ́nu ọ̀nà. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé.

Nínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ara rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn.

"Sún sọ́hùn-ún díẹ̀," ló ní, "kí àyè lè gbà wá."

"Ta ni àyè ò gbà?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún sún mọ́ ilẹ̀kùn sí i. Àwọn méjì péré ló wà lẹ́yìn ọkọ̀, àti ọmọ lórí itan.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Ọmọ ti ń lọ sílé ìwé. Ọ̀gá tuntun dé síbi iṣẹ́, ó ní kí Ẹja mú ìwé ẹ̀rí ìdíje rẹ̀ wá. Ló bá lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ṣètò rẹ̀. Akọ̀wé ibẹ̀ fi itọ́ sí ìka, ó ṣí ìwé ńlá ọdún náà.

"Ọdún tẹ́ ẹ sá yìí," akọ̀wé náà wí, "ó dààmú wa. Òjìlénígba ló wọlé. Nígbà tá a ka àwọn tó jáde, ó lé ọ̀kan. A wá àṣìṣe títí, a ò rí i." Ó yí ìwé náà sí i.

Nọ́ńbà 96, méjìlá kọjá ogójì. Lábẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà 241, méjìlá kọjá ọ̀kànlélógójì. Kò sí orúkọ. Ṣùgbọ́n ní àyè tí ará ilé ti máa ń fọwọ́ sí i pé òun ti gba èèyàn òun, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ìfọwọ́sí kan náà ló wà lókè, lórí ìlà ti Ẹja fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìlà kékeré tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń fà sábẹ́ orúkọ ara rẹ̀ láti kékeré.

Èèyàn méjì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà lọ sílé lọ́jọ́ náà.