Wọ́n Yọ Abẹ́rẹ́ Giramafóònù Bàbá

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, aránṣọ ń nu giramafóònù ọkọ rẹ̀, ó ń kọrin bí ẹni tí ayé yẹ:

*Ọjà mi á tà, á tà o,*
*Ojú ọkọ mi á là, á là o!*

Ojú ọ̀tún bàbá, ọkọ rẹ̀, ti ń ṣókùnkùn, tòsì náà ti fẹ́ máa tẹ̀ lé e. Dókítà ní kí wọ́n má jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Kò sì sí ohun tó lè mówó gidi wọlé nínú ilé náà ju ẹ̀rọ ọ̀hún lọ. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n tà á. Lánàá, ó gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan tán lórí ẹ̀, ó fọwọ́ pa á lórí, ó ní, "Ó dàbọ̀, ọ̀rẹ́ mi."

Oníbàárà kan dé, ọkùnrin tó ní ìsọ̀ ohun àtijọ́ lọ́jà. Ó kí tọkọtaya náà bí ẹni pé inú wọn ló ti jáde.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi mu. Oòrùn yìí ò mọ ọmọ èèyàn."

Ta ló máa ro ibi sí ẹni tó ń tọrọ omi? Aránṣọ dìde lọ bù ú. Bàbá jókòó síbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ojú tó yẹ kó fi ṣọ́ ọ ló ń ṣàìsàn.

Nígbà tí ọkùnrin náà mumi tán, ó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù lé ẹ̀rọ. Àwo ń yí, ó ń yí, kò dún pínkín.

"Háà! Òkú lẹ fẹ́ tà fún mi?"

"Òkú kẹ̀?" Bàbá jágbe. "Ó kọrin lánàá!"

"Bàbá, àná ti lọ. Pákó ara rẹ̀ nìkan ni mo lè rà. Bí mo bá sì ti jáde níbí, n ò padà wá mọ́."

Ẹ̀rù ba aránṣọ. "Bàbá ẹ, ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ ká rí nǹkan dì mú." Ó gba owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n kà lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí àkọ́bí wọn obìnrin dé, tó gbọ́, igbe ló fi bọnu.

"Màmá, ṣé ẹ wo abẹ́rẹ́ tó máa ń tẹ orí àwo? Ó ti yọ ọ́ ni! Láìsí abẹ́rẹ́, kò lè dún. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi abẹ́rẹ́ jẹun!"

"Omi ló ní kí n bù fún òun…"

"Omi! Ẹ ò jẹ́ kí n fi fóònù ká a sílẹ̀ nígbà tó ń kọrin. Ẹ ò bi ẹnikẹ́ni ní iye tí irú ẹ̀ ń lọ. Ẹni àkọ́kọ́ tó kan ilẹ̀kùn lẹ gbé e fún!"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ìsọ̀ ọkùnrin náà lọ. Wọn ò tíì wọlé tí ìró kan fi dé etí bàbá, ó dúró gbagidi.

"Ẹ̀rọ mi nìyẹn. Ó máa ń kùn bí ológbò tó yó kí orin tó bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n wọlé, wọ́n bá a lóòótọ́. Iye owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára tó iṣẹ́ abẹ ojú bàbá méjèèjì.

"Olè!" Aránṣọ gbá a láṣọ mú.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo tún un ṣe. Ẹ tà, mo rà. Ẹ̀rí yín dà?"

Ìbéèrè kan náà ni ọlọ́pàá bi wọ́n nígbà tí wọ́n lọ fẹjọ́ sùn. Kí aránṣọ tó ránṣọ ránṣọ kó owó jọ, ojú ọ̀tún ti kọjá àtúnṣe. Tòsì nìkan ni wọ́n rí gbà là.

Ẹ̀yin èèyàn, ohun àtijọ́ kì í ṣe pàǹtírí! Bí ẹ bá fẹ́ ta tiyín, ẹ má fi kànrìnkàn bó o, ẹ má kùn ún lọ́dà. Àtijọ́ rẹ̀ lowó rẹ̀. Ẹ béèrè iye rẹ̀ ní ìsọ̀ bíi mẹ́ta. Ẹ fi fóònù ká a bó ṣe ń kọrin, kẹ́ ẹ sì jókòó tì í títí owó yóò fi pé lọ́wọ́ yín. Oníbàárà tó bá ń kán yín lójú, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un, kó máa lọ.